Ẹ Ya Igi Èrò Yín Ní Yorùbá, Kódà Bí Gẹ̀ẹ́sì Lẹ Máa Kọ

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe WAEC, àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ni mo gbójú lé jù, òun gan-an ló sì já mi kulẹ̀. Bí mo ṣe ka ìbéèrè tán báyìí ni mo ti mú bírò. Lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀nà tó bàjẹ́ ni mo mú. Nígbà tí mo fi máa dé ìpínrọ̀ kejì, mo ti yà bàrá sórí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Mo padà sórí ọ̀nà, ohun tí mo ti sọ tẹ́lẹ̀ ni mo tún ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n jẹ́ tíṣà, ló jókòó tì mí lọ́dún kejì. Wọ́n fa ìwé kan ya lára kàlẹ́ńdà àtijọ́, wọ́n dojú ìwé náà dé, wọ́n sì ya òdo ńlá sí àárín rẹ̀. Igi èrò ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi: kókó ọ̀rọ̀ á wà láàárín, àwọn èrò tó bá jẹ mọ́ ọn á sì máa yọ jáde lára rẹ̀ bí ẹ̀ka igi. Mo fẹ́ kọ kókó ọ̀rọ̀ náà sínú òdo yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní, “Rárá o, kọ ‘ọ̀nà’ síbẹ̀. Èdè tó o fi ń ronú ni kó o fi yà á. Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń bọ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn tú mi sílẹ̀. Mo fa ẹ̀ka mẹ́ta jáde: ohun tó bà á jẹ́, ìyà tó ń fi jẹ wá, ohun tí a fẹ́ kí alága ṣe. Lábẹ́ ìyà nìkan, ọ̀rọ̀ ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn: ọlọ́kadà fowó kún owó, tòmátì jẹrà sínú mọ́tò, aláboyún rọbí sínú Márúwá. Tí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì wá a ni, ibi tí mo ti ń wá bí wọ́n ṣe ń pe ìrọbí ni ọ̀rọ̀ tòmátì á ti sá lọ.

Mo tún fa ẹ̀ka kẹrin, mo kọ “iná” síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi na bírò sí i: “Kí ni èyí ń wá níbí?” Mi ò rí èsì fún wọn. Wọ́n fa ìlà pa á.

Ìlà yẹn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ. Tony Buzan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ igi èrò yìí, tí wọ́n ń pè ní mind map, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lórí tẹlifíṣọ̀n BBC lọ́dún 1974, fẹ́ràn oríṣiríṣi àwọ̀ àti àwòrán. Ó dára fún kíkàwé nílé. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, bírò kan tó. Ẹ fa ẹ̀ka, ẹ gé èyí tí ìbéèrè ò bi yín, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kọ 1, 2, 3 sórí àwọn tó kù, torí igi ò mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. Ẹ̀ka tó bá ní ewé kan ṣoṣo, ìyẹn èrò kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀, ò lè dá dúró bí ìpínrọ̀, ẹ so ó mọ́ òmíràn.

Ìṣẹ́jú 50 ni wọ́n ń dá fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì nínú WAEC, ọ̀rọ̀ ò sì gbọ́dọ̀ dín ní 450. Ìṣẹ́jú méje ni mo máa ń ní kí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní lẹ́sìn fi yàwòrán. Ẹ̀rù máa ń bà wọ́n pé àkókò ń lọ. Àmọ́ nínú máàkì 50, 10 jẹ́ ti àkóónú, 10 jẹ́ ti ètò, orí igi yẹn sì ni méjèèjì ti ń wá.

Tó bá jẹ́ ìtàn ni wọ́n ní kẹ́ ẹ sọ, ẹ fi igi sílẹ̀. Ẹ kàn to ohun tó ṣẹlẹ̀ sísàlẹ̀ ara wọn.

Ẹ̀yìn ìwé ìdánwò ni kẹ́ ẹ yà á sí. Kẹ́ ẹ tó fi ìwé sílẹ̀, ẹ fa ìlà gbọọrọ kan kọjá lórí rẹ̀, kí ẹni tó ń máàkì lè mọ̀ pé kì í ṣe ara ìdáhùn.