Ìtòsí ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà wo?

Òjò rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìpàdé ọ̀sán náà ò sì tètè parí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bọ̀dá ló ń dún létí mi: “Ṣebí ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí la tún ń wá?” Ẹ mọ Bọ̀dá. Yellowstone, ọgbà ẹranko igbó ńlá nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì ti fẹ́ẹ́ sanwó ahéré kan torí pé ẹni tó ni ín kọ “ìtòsí ẹnu ọ̀nà” gàdàgbà sókè àwòrán.

Ẹnu ọ̀nà márùn-ún ni ọgbà yẹn ní o! Títì tó yí inú rẹ̀ po gùn tó máìlì 142, béèyàn ò sì ní rúfin, eré ò gbọdọ̀ ju máìlì 45 ní wákàtí kan lọ. Bí agbo ẹfọ̀n bá tún jókòó sójú títì, ẹ ó dúró dè wọ́n ni. Ẹni tó bá sùn sí ìlú Gardiner lápá àríwá lè fẹsẹ̀ rìn dé géètì lóòótọ́, àmọ́ bó bá jẹ́ Old Faithful, omi gbígbóná tó ń tú sókè látinú ilẹ̀, ló fẹ́ lọ wò, ó ṣì ku nǹkan bí máìlì 56. Láti West Yellowstone, ìlú tó wà lẹ́nu géètì ìwọ̀-oòrùn, bíi 30 ni. Ẹni tó ń wá ìkookò, Silver Gate tàbí Cooke City, ìlú kéékèèké lẹ́bàá géètì àríwá-ìlà-oòrùn, ni kó sùn, kó lè dé àfonífojì Lamar kílẹ̀ tó mọ́ tán. Cody ńkọ́? Máìlì 52 ló wà láàárín ìlú yẹn àti géètì ìlà-oòrùn. “Ìtòsí” ni wọ́n ń pe ìyẹn náà.

Àbí mo le jù? Ó ní ohun tí ìtòsí géètì wúlò fún ṣá. Lóṣù keje, ẹni tó bá tètè wọlé láàárọ̀ kì í tò pẹ́, ó sì máa ń ríbi gbé ọkọ̀ sí.

Ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó dáa. Ṣé ẹnu ọ̀nà ọ̀hún ṣí? Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá títí di ìdajì oṣù kẹrin tàbí kó lé díẹ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ò lè gba West Yellowstone wọlé. Ti ìlà-oòrùn àti gúúsù máa ń di oṣù karùn-ún. Ọ̀nà Gardiner sí Cooke City nìkan ni wọ́n ń kó yìnyín kúrò lójú rẹ̀ tọdúntọdún. Òun náà ò dájú tán, omíyalé gbé títì ẹ̀yìn géètì Gardiner lọ lóṣù kẹfà ọdún 2022, ó di oṣù kẹwàá kí gbogbo ọkọ̀ tó rọ́nà gbà padà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ka ìlànà ìdápadà owó kí n tó wo àwòrán rárá.

Àwòrán yẹn mà pa mí lẹ́rìn-ín o. Béárì onígi lẹ́nu ilẹ̀kùn, ibùsùn funfun báláú, kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ balùwẹ̀. Ahéré kan lè ní gbogbo nǹkan. Òmíràn lè dà bí àwọn kan tó wà ní Roosevelt nínú ọgbà: ibùsùn àti sítóòfù onígi, kẹ́ ẹ wọ bàtà jáde lóru bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín. Àwọn yàrá kan wà ní hòtẹ́ẹ̀lì Old Faithful Inn pàápàá, tó ti ń gbàlejò láti 1904, tó jẹ́ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni balùwẹ̀ wọn wà. Orí òkè sì ni gbogbo ibẹ̀, alẹ́ oṣù keje lè tutù débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dì. Ohun tó ń mú yàrá gbóná ni kẹ́ ẹ bèèrè, kì í ṣe fèrèsé tó kọjú sí òkè. Kẹ́ ẹ sì bèèrè ibi tí oúnjẹ máa sùn, torí béárì ń gbóòórùn, oúnjẹ ò sì gbọdọ̀ sùn síta.

Inú ọgbà gan-an ló wù mí fún Bọ̀dá. Yàrá ibẹ̀ máa ń tán tipẹ́tipẹ́ ṣáájú, àmọ́ àwọn kan á fagi lé tiwọn, yàrá á tún yọjú. Ẹni tó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ ló ń rí i mú. Mi ò tíì sọ fún wọn. Bí wọ́n bá ti sanwó ní tiwọn, áà, ó dọ̀la…