Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Jáde Ṣeré Nígbà Òtútù

Bí oṣù Ọ̀wàrà bá ti ń parí lọ, tí wọ́n sì ti dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí Yorùbá tó ń gbé níbí ló máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n á ti ilé-ìwé dé, wọ́n á jẹun, wọ́n á ṣe iṣẹ́ àmúrelé, wọ́n á wá jókòó ti fóònù títí oorun yóò fi kùn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni a ó sì máa ṣe títí oṣù Ẹrẹ́nà yóò fi dé. Ìfẹ́ ni òbí fi ń ṣe é, àmọ́ ó dá mi lójú pé ìjókòó ọlọ́jọ́ pípẹ́ yìí ń pa àwọn ọmọ lára ju òtútù tí a ń sá fún lọ.

Àwọn ọ̀gá àgbà oníṣègùn ní ilẹ̀ náà sọ ọ́ ní ọdún 2019 pé ó yẹ kí ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 18 máa lo ara rẹ̀ débi tí èémí rẹ̀ yóò fi yára, fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ó kéré tán, bí a bá ṣírò rẹ̀ kárí ọ̀sẹ̀. Wọn kò yọ oṣù òtútù kankan sílẹ̀. Ọ̀fìnkìn tó ń bà wá lẹ́rù náà, kòkòrò àrùn ló ń fà á, ó sì rọrùn fún un láti ràn nínú yàrá tí a ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa ju ìta gbangba lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde yàtọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré èyí. Òtútù lè ru ìrora rẹ̀ sókè, nítorí náà kí òbí kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ara ọmọ náà máa móoru, kí ó máa mu omi dáadáa, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó sinmi nígbàkígbà tó bá fẹ́. Ọmọ tó ní ikọ́ fée náà gbọ́dọ̀ mú oògùn tó ń fà sẹ́nu dání, kí ó sì fi síkáàfù bo imú àti ẹnu.

Ní ti aṣọ, màmá tó ti ilé wá bá wa tọ́jú ọmọ a máa wọ súwẹ́tà nípọnnípọn mẹ́ta fún ọmọ kí ó tó wá gbé kóòtù lé e. Bí ọmọ náà bá sáré díẹ̀, òógùn á bò ó, aṣọ á rin mọ́ ọn lára, ìgbà yẹn gan-an ni òtútù á ráyè wọlé. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí a lè bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan dára jù, pẹ̀lú fìlà, ìbọ̀wọ́ àti bàtà tí omi kò lè wọ̀.

Òkùnkùn ló ń dà wá láàmú jù. Ní àárín oṣù Ọ̀pẹ̀, oòrùn ti máa ń wọ̀ ní London kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ń jáde lẹ́yìn aago mẹ́ta. Àárín ìgbà kékeré yẹn ni kí á dì mú. Láti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ni kí ẹ ti mú wọn gba páàkì lọ, kí ẹ ní púfpúf díẹ̀ nínú báàgì, nítorí bí ọmọ bá ti bọ́ bàtà nílé, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ bẹ̀ ẹ́ tí yóò tún jáde. Àwọn tèmi a kó báàgì wọn jọ sídìí igi, wọ́n á máa lé ara wọn gba orí ewé gbígbẹ, ìbọ̀wọ́ á sì ti dé ọwọ́ mi kí n tó jókòó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, junior parkrun, eré sísá àwọn ọmọdé, wà ní ọ̀pọ̀ páàkì: kìlómítà 2, ọ̀fẹ́ ni, fún ọmọ ọdún 4 sí 14. Kò dí ìsìn lọ́wọ́ rárá, nítorí kùtùkùtù ni wọ́n ń sá a.

Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ inú ilé móoru, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin wa ni kì í débẹ̀ nítorí irun. Mo mọ ohun tí irun dídì ń náni, ṣùgbọ́n fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ ńlá tó ń gba irun dídì ti wà. Ilé-iṣẹ́ Soul Cap ń ṣe é; àjọ tó ń darí ìlúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé kọ̀ ọ́ fún ìdíje ní ọdún 2021, wọ́n sì padà fọwọ́ sí i ní 2022. Ọdún 2021 yẹn náà ni Alice Dearing di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó lúwẹ̀ẹ́ fún Britain ní ìdíje Òlíńpíìkì. Ẹ fi fọ́tò rẹ̀ han àwọn ọmọbìnrin yín.

Bí òjò kò bá gbà, ẹ kọ́ wọn ní ten-ten. Ẹni méjì á kojú ara wọn, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa fò, kí kálukú tó na ẹsẹ̀ kan síwájú. Ẹnìkan ló ni ẹsẹ̀ tó bá bára mu, ẹnìkejì ló ni èyí tó bá yàtọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èémí wọn á ti ń sáré. Ẹni tó ń gbé lókè ilé alájà kí ó tètè bá ará ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n jọ fi àdéhùn sí àkókò tí ariwo kò ní dí i lọ́wọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ ló ṣòro jù, nítorí pé a kò lè fà wọ́n lọ́wọ́. Ohun tí mo rí pé ó ń ṣiṣẹ́ ni kí òbí fúnra rẹ̀ wọ bàtà, kí ó ní òun ń lọ rìn, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ mú ọ̀rẹ́ kan dání. Bí ọmọ yín bá sì wà lára àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ nílé-ìwé ní England, ètò kan wà tí ìjọba ń san owó rẹ̀ fún eré ìdárayá àti oúnjẹ lásìkò ìsinmi Kérésìmesì. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ káńsù kí ilé-ìwé tó gba ìsinmi.