Ohun tí ìgò Morgon kan kọ́ mi nídìí iṣẹ́ agbọ́tí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ agbọ́tí, ìgò kan ló là mí lójú. Ọdún kìíní mi nílé oúnjẹ kan ní ìlú Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ni. Ìdílé kan ń jẹ adìẹ sísun, wọ́n ní kí n gbé wáìnì pupa tí wọ́n ń pè ní Morgon wá. Mo ti gbọ́ pé wáìnì pupa kò fẹ́ òtútù, orí pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni mo sì tò wọ́n sí, níbi tí ooru ti ń fẹ́ sí wọn látàárọ̀. Ìyá àgbà kan nínú wọn fẹnu kàn án, ó rọra gbé ife sílẹ̀, ó ní ó ti gbóná jù. Ó ní kí n wá omi dídì, kí n ti ìgò náà bọ inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Nígbà tó yá, ó bu díẹ̀ fún èmi náà. Òórùn èso ṣẹ́rì ló kọ́kọ́ kàn mí nímú, lẹ́yìn náà ni adùn kan tó mọ́ lọ́fun bí omi kànga ìdájí.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ wo ibi tí ọtí náà ti ń wá. Abúlé kan ní agbègbè Beaujolais ni Morgon, ní àríwá Lyon. Àjàrà Gamay ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Ní 1395, Philippe le Hardi, dúkù tó ń ṣàkóso agbègbè Bourgogne, pàṣẹ pé kí wọ́n hú igi yìí kúrò lórí ilẹ̀ òun, ó ní igi burúkú ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ akọ òkúta tó wà ní apá òkè Beaujolais bá a lára mu gan-an. Abúlé àti òkè 10 ló ní ẹ̀tọ́ láti kọ orúkọ ara wọn sórí ìgò. Lára wọn, Fleurie fúyẹ́, ó ń ta sánsán bí òdòdó; Moulin-à-Vent le, ó ṣeé tọ́jú fún ọdún púpọ̀. Ó máa ń dùn mí pé Beaujolais Nouveau nìkan, wáìnì tuntun ọdún náà tó ń jáde ní Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù Kọkànlá, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀.

Mo bá àwọn àgbẹ̀ Morgon kórè ní oṣù Kẹsàn-án. Àwọn igi àtijọ́ ibẹ̀ kúrú, wọn kò fi wáyà gbé wọn ró, ìbẹ̀rẹ̀ ni èèyàn fi ń gé odindi ìdì àjàrà. Ẹ̀yìn mi kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọn kì í fọ́ èso rẹ̀ kí wọ́n tó dà á sínú àgbá. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni ẹrù òkè ń tẹ̀ fọ́, tí omi rẹ̀ á máa hó. Èéfín tó ń ti ibẹ̀ jáde á kún àgbá, àwọn èso tó kù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ọtí nínú èèpo ara wọn. Wọn kò gbà kí n bẹ orí wọ inú àgbá, torí èéfín náà lè pa ènìyàn. Wọ́n bá mi mú hóró kan jáde. Bí mo ṣe gé e jẹ, ó ta mí lẹ́nu bí omi kókà, inú rẹ̀ ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Ohun tó ń fa ahọ́n bíi káṣú kò pọ̀ nínú ọtí tí wọ́n ṣe báyìí. Ìdí nìyẹn tí òtútù kì í fi í bà á jẹ́, bó ṣe ń sọ àwọn wáìnì alágbára di líle. Láàárín 12 sí 14 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni mo ń gbé tèmi. Ní Lyon, sọ́séèjì gbígbẹ, adìẹ sísun àti ẹ̀wà kékeré tí wọ́n ń pè ní lentille ni wọ́n fi ń mu ún. Moulin-à-Vent tó ti dàgbà ni kí ẹ gbé fún ẹni tó pàṣẹ màlúù tí wọ́n sè pẹ́ nínú wáìnì.

Ẹ bi oníbàárà léèrè bóyá ata wà nínú ohun tó fẹ́ jẹ, torí wáìnì tó ń fa ahọ́n máa ń sọ ata di iná. Nílé mi, nígbà tí mo bá fi ata rodo se ẹran ewúrẹ́, Fleurie tútù ni mo ń ṣí sí i, àwọn àlejò mi sì máa ń béèrè orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó lọ.