Lágbájá Ti Ọdún Wo? Ohun Tí Ìjà Àfẹnujà Kọ́ Mi ní Ṣàgámù

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo gbọ́ àríyànjiyàn yín lánàá lẹ́yìn ìdánrawò. Ẹnì kan ní Anthony Joshua yóò na Mike Tyson, ẹnì kejì ní Joshua ò ní rí ráùǹdì kẹta. Ohùn yín dé títì. Inú mi dùn sí i, torí irú ìjà àfẹnujà bẹ́ẹ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò. Bí ẹ ṣe gbé e gbà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí yín, kóòṣì wa a máa jókòó tì wá lẹ́yìn ìdánrawò, àwa pẹ̀lú abọ́ gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa. Yóò dárúkọ àwọn méjì tí wọn ò pàdé rí. Bí mo bá ti ní lágbájá ló máa na tàmẹ̀dò, á ní: "Lágbájá ti ọdún wo?" Ẹ wo Joshua, tí orírun ìdílé rẹ̀ jẹ́ Ṣàgámù níbí. Joshua oṣù kẹrin ọdún 2017 ṣubú ní ráùǹdì kẹfà ní Wembley, ó dìde, ó sì dá Klitschko dúró ní ìkọkànlá. Joshua oṣù kẹfà ọdún 2019 ni Andy Ruiz gbá lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin ní New York. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ó ti fi ohun tó lé ní kílò 4 sílẹ̀ lára, ó sì ń fi ọwọ́ òsì gígùn lé Ruiz sẹ́yìn fún ráùǹdì 12. Èwo nínú wọn lẹ gbé pàdé Tyson?

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Mo na ọmọ Èkó kan. Ọmọ Èkó yìí ti na ọmọ Ìjẹ̀bú Òde kan tí wọ́n ní kí n bá jà. Mo ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò owó: bí mo bá na ẹni tó nà án, mo ti nà án nìyẹn. Mi ò lọ wo bó ṣe ń jà. Ọlọ́wọ́ òsì ni, mi ò sì bá ọlọ́wọ́ òsì jà rí. Ráùǹdì mẹ́ta la jà, òun ló gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kóòṣì ò bá mi wí. Ó kàn sọ ìtàn èèyàn mẹ́ta fún mi. Oṣù kẹta ọdún 1971, Joe Frazier na Muhammad Ali fún ráùǹdì 15. Oṣù kìíní ọdún 1973, George Foreman gbá Frazier yìí lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ráùǹdì méjì ní Kingston. Bó bá jẹ́ ìṣirò tèmi ni, kí ni Ali wá dé Kinshasa láti bá Foreman jà ní ọdún 1974? Ṣùgbọ́n ráùǹdì kẹjọ ni Foreman dùbúlẹ̀. Frazier máa ń tẹ̀ síwájú, á fi orí wọ inú ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ali fẹ̀yìn ti okùn, ó fi apá gba ẹ̀ṣẹ́ náà títí ó fi rẹ ẹni tó ń jù ú. Ẹ̀ṣẹ́ Foreman ò yí padà, ẹni tó ń gbà á ló yàtọ̀.

Wọ́n tilẹ̀ ti gbé irú ìjà tí kò wáyé báyìí fún kọ̀ǹpútà rí, kó sọ ẹni tó máa borí. Ní ọdún 1969, Ali àti Rocky Marciano ṣe bí ẹni ń jà níwájú kámẹ́rà, wọ́n ya oríṣiríṣi òpin. Fíìmù náà jáde ní oṣù kìíní ọdún 1970, kọ̀ǹpútà ní Marciano ló borí ní ráùǹdì 13. Marciano fúnra rẹ̀ ti kú nínú jàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú ní oṣù kẹjọ ọdún 1969. Mi ò gba ìdájọ́ yẹn. Mi ò sì ní dá Marciano oníkílò 85 pọ̀ mọ́ Joshua oníkílò 113 láé.

Ìwọ̀n kan náà ni kẹ́ ẹ máa mú. Dick Tiger ọmọ Nàìjíríà àti Marvin Hagler ará Amẹ́ríkà, kílò 72 ààbọ̀ làwọn méjèèjì. Tiger na Gene Fullmer ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, ní pápá tí wọ́n ti fi sọrí Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tiwa. Fullmer ò jáde fún ráùǹdì kẹjọ. Lóṣù Kejìlá ọdún yẹn, Joey Giardello ń yí Tiger ká, ó sì gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó jọ ọ́ ni Sugar Ray Leonard fi ṣe Hagler ní ọdún 1987. Ẹni tí kì í dúró lójú kan ló yọ àwọn méjèèjì lẹ́nu. Bí wọ́n bá wá pàdé ara wọn, ta ni yóò wá máa yí ẹnì kejì ká?

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń sọ pé Tiger ló máa borí, torí tiwa ni. Mo tún wo wọ́n lọ́dún tó kọjá. Apá Hagler gùn jù, ó sì lè fi ọ̀tún ṣíwájú; bí Tiger bá ń wọlé bọ̀, ẹ̀ṣẹ́ Hagler ni yóò kọ́kọ́ dé. Mo ní Hagler ló máa fi máàkì borí, ó sì dùn mí. Ẹni tí kò bá gbà, kó gbé ìjà Tiger mẹ́ta wá lórí fóònù rẹ̀ ní Sátidé, ká jọ wò ó. Èmi ni n ó mú gàrí wá.