Olùkọ́ kan bi mí ní ìbéèrè kan, mi ò rí èsì fọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ wà níkàáwọ́ yín nílé ẹ̀kọ́, ẹ mọ bó ṣe máa ń lọ: ọjọ́ méjì nínú gbọ̀ngàn, olùdánilẹ́kọ̀ọ́ láti ìta, ó parí. Tèmi dá lórí bíbéèrè ohun tí yóò mú ọmọ ronú jinlẹ̀. Inú gbogbo wa dùn, mo kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí ọ̀gá.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ń ka àṣeyọrí wa nípàdé. Ìyá kan tó ti ń kọ́ni kí n tó dé iṣẹ́ náwọ́ sókè. Wọn ò pariwo rárá. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ìgbà wo lẹ wọ kíláàsì mi kẹ́yìn?"

Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Mo ń ṣí ìwé ọwọ́ mi bí ẹni pé èsì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ ìdálẹ́kọ̀ọ́ yẹn, mi ò wọ kíláàsì ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbìyànjú ẹ̀. Àwọn ọmọ ń wò mí. Mo ní bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, mo bá padà sí tàtẹ̀yìnwá." Ohùn wọn gbọ̀n díẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn mi lóòótọ́, olùdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn náà sì mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì wọn, mo rí i lójú ẹsẹ̀: wọ́n á béèrè, wọ́n á sì dá ara wọn lóhùn. Mary Budd Rowe, olùwádìí ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà, ti fi hàn láti àwọn ọdún 1970 pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 péré ni olùkọ́ sábà máa ń dúró lẹ́yìn tó bá béèrè ìbéèrè, àti pé tó bá dúró tó 3, èsì àwọn ọmọ á gùn sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn kò ju ìyẹn lọ. A ṣàtúnṣe, ó yí padà.

Nítorí náà, ẹ wọ kíláàsì. Ẹ bi àwọn olùkọ́ ní ohun tó ń dà wọ́n láàmú kí ẹ tó yan kókó. Èmi ò bi wọ́n. Ẹ yọ àkókò sílẹ̀ nínú àtẹ àkókò ẹ̀kọ́ kí wọ́n lè wọ kíláàsì ara wọn. Àwọn olùkọ́ Japan máa ń jọ ṣètò ẹ̀kọ́ kan, ẹnì kan á kọ́ ọ, àwọn yòókù á máa wo àwọn ọmọ. Tí ẹ bá wọlé, ẹ má gbé ìwé tí ẹ fi ń fún olùkọ́ ní máàkì dání o! Kí ẹ sì tún wọ kíláàsì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ìyá yẹn ti ní kí n wá ní Tọ́sìdeè. Àwọn fúnra wọn ló pè mí.