Ìka Ọmọńdinrín Ọwọ́ Òsì

Ìyá mi ń dirun ní Ìkìrun, èmi náà sì ti ń dirun láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama. Owó irun ni mo fi ń gbọ́ apá kan bùkátà mi nígbà tí mo wọ pólì. Ẹni tó bá ń di ṣùkú tàbí kòlẹ́sẹ̀ kì í wo ìka ara rẹ̀. Orí oníbàárà ló ń wò, ẹnu rẹ̀ sì ń bá oníbàárà tàkúrọ̀sọ. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n sọ fún wa ní kíláàsì keyboarding pé a máa kọ́ bí a ṣe ń táìpù láì wo ọwọ́, kò jọ mí lójú bó ṣe jọ àwọn tó jókòó tì mí lójú.

Ṣùgbọ́n irun dídì kì í lo ìka márààrún. Àtàńpàkò, ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ló ń ṣiṣẹ́, ìka òrùka a máa bá wọn ya irun sọ́tọ̀. Ọmọńdinrín kàn ń tẹ̀ lé wọn kiri ni. Ní kíbọ́ọ̀dù, ọmọńdinrín ọwọ́ òsì ló ni lẹ́tà A. Ẹ wo gbólóhùn Yorùbá èyíkéyìí kí ẹ ka iye A tó wà níbẹ̀, ẹ ó rí i pé ìka tó kéré jù ni wọ́n gbé ẹrù ńlá lé lórí.

Ẹ̀ka OTM (Office Technology and Management) ni mo wà, èyí tí àwọn tó ṣáájú wa mọ̀ sí Secretarial Studies. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa ní apá méjì: taipuráítà Olympia lápá kan, irin gidi, tó wúwo débi pé ẹnìkan kì í dá a gbé, kọ̀ǹpútà lápá kejì. Obìnrin àgbàlagbà kan ló ń kọ́ wa, “Mà” la sì ń pè é. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ìdí kọ̀ǹpútà ní sáà àkọ́kọ́. Àwa rò pé nítorí iná tí kì í dúró ni, torí taipuráítà kò bá iná ṣe àdéhùn kankan. Ìyẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìdí tirẹ̀ gan-an jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lórí taipuráítà, agbára ìka ló ń gbá lẹ́tà mọ́ ríbọ́ọ̀nù. Ìka tó bá lágbára, lẹ́tà rẹ̀ á dúdú dáadáa. Ìka tó bá rọ̀, lẹ́tà rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni pé yíǹkì ti tán. Bí a bá gbé ìwé wa lọ bá Mà, kì í kọ́kọ́ wo àṣìkọ. Á na ìwé náà sókè sí ojú fèrèsé, á wò ó, á ní, “Ọmọ mi, òrùka ọwọ́ ọ̀tún rẹ ń sùn,” nítorí pé gbogbo O àti L onítọ̀hún ló rẹ̀wẹ̀sì. Tèmi ni A. Ojú ìwé mi látòkè délẹ̀, gbogbo A inú rẹ̀ ló dà bí ẹni tó fẹ́ pòórá. Kọ̀ǹpútà kì í fi irú èyí han ènìyàn. O fi agbára tẹ̀ ẹ́ o, o rọra tẹ̀ ẹ́ o, bákan náà ni lẹ́tà á ṣe dúdú. Títí di òní mo gbà pé kò sí olùkọ́ mìíràn tó lè ka ìka ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ojú ìwé bẹ́ẹ̀, ọpọlọ pípé ló sì jẹ́ láti fi taipuráítà bẹ̀rẹ̀.

Ìdánrawò tó fún mi kò ní ìtumọ̀ kankan: aqa, aza, aqa, aza, kún ojú ìwé, kí n tún yí ìwé náà sẹ́yìn kí n ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ṣe é títí ọwọ́ fi ń ro mí dé ìgbọ̀nwọ́.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti sọ ìtàn Frank McGurrin fún wa. Akọ̀wé ilé-ẹjọ́ ni, ní Salt Lake City ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1888, ó bá Louis Traub díje táìpù ní ìlú Cincinnati. Ẹ̀rọ Caligraph tí Traub lò ní bọ́tìnì ọ̀tọ̀ fún lẹ́tà ńlá àti ọ̀tọ̀ fún lẹ́tà kékeré. Remington ni ti McGurrin, tó ní Shift, ó sì ti há ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà sórí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìwé tó ń dà kọ, ó sì na Traub ní ànàbolẹ̀. Àtìgbà náà ni ayé ti ń gbọ́ nípa táìpù láì wo ọwọ́. Mà sọ ìtàn yìí tán, ó fa aṣọ àǹkárá kékeré yọ nínú báàgì rẹ̀, ó dà á bo ọwọ́ ẹni tó jókòó síwájú jù lọ, ó ní, “Ó yá, kọ orúkọ rẹ.”

Ìlànà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, òun náà ló sì ń tún sọ lójoojúmọ́: ìka tó bá jáde gbọ́dọ̀ padà sílé. Ilé yẹn ni a ń pè ní home keys. Ìka mẹ́rin ọwọ́ òsì dúró lórí A, S, D, F, ti ọwọ́ ọ̀tún wà lórí J, K, L àti sẹmikólọ́ọ̀nù, àtàńpàkò méjèèjì dúró de àlàfo. Ìka àárín òsì ló ń lọ sókè mú E, ó ń lọ sísàlẹ̀ mú C, ó sì ń padà sórí D. Ìfábẹ̀lá kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù, torí lẹ́tà mẹ́fà ló ń bójú tó. Ẹ fọwọ́ kan F àti J lórí kíbọ́ọ̀dù yín, ẹ ó rí i pé nǹkan kékeré kan yọ gọngọ níbẹ̀. Ìfábẹ̀lá la fi ń wá a, kí ọwọ́ lè mọ ilé láì sí ojú. Bí ìka kan bá jáde tí kò padà, gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù á sún lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohun tí ó bá sì jáde kì í ṣe èdè ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ń ka ìyára báyìí: títẹ̀ márùn-ún ni ọ̀rọ̀ kan, àlàfo náà sì wà nínú kíkà. Ẹni tó bá fẹ́ ní ọ̀rọ̀ 35 ní ìṣẹ́jú kan gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì ní ìgbà 175. Mà á máa fi rúlà lu tábìlì, kò ní yára, kò ní falẹ̀, gbogbo wa á sì máa tẹ̀ lé e. Ó kórìíra kí ènìyàn sáré lórí ọ̀rọ̀ tó rọrùn kó wá kọsẹ̀ lórí èyí tó le. Kí ó tó parí ọdún yẹn, A mi ti dúdú bíi ti àwọn ará yòókù, ojú mi sì ti kúrò lára ọwọ́ pátápátá. Mo lè máa ka ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n máa lóye rẹ̀, kí n rí i pé ẹni tó kọ ọ́ fo ọ̀rọ̀ kan, nígbà tí ọwọ́ ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Fún mi, ibẹ̀ gan-an ni èrè rẹ̀ wà, ju ìyára lọ.

Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, láàárín àwọn onítẹ̀wé. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ ariwo ẹ̀rọ tó ń dún níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń tẹ̀ ni ìwé ètò ìsìnkú, ìgbéyàwó àti ìkómọjáde: orin ìsìn, oríkì, ìtàn ìgbésí ayé bàbá tó lọ. Yorùbá pọ̀ nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bá ohun tí kíláàsì wa kò kọ́ wa rárá pàdé.

Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tí a fi kọ́ táìpù. Mà fúnra rẹ̀ sọ fún wa pé láyé ìgbà tí òun wà ní ọ́fíìsì, bí òun bá táìpù lẹ́tà Yorùbá, òun á yọ ìwé náà, òun á wá fi bírò fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bírò nìkan ló yí padà nígbà tí mo dé Ṣómólú. Àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á fi máòsì lọ sí Insert, wọ́n á ṣí Symbol, wọ́n á wá ẹ, wọ́n á padà wá, wọ́n á tún lọ wá ọ. Fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ á kúrò nílé. Gbogbo ohun tí aṣọ àǹkárá yẹn kọ́ mi ló ń bàjẹ́ lójú mi, mi ò sì lè fara mọ́ ọn. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, torí kò sí ẹbí tó yẹ kó gba orúkọ òkú wọn ní ìhòòhò.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí wo kíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú ojú Yorùbá. Nígbà tí Christopher Latham Sholes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìwé-àṣẹ taipuráítà wọn ní Milwaukee ní ọdún 1868, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní lọ́kàn, síbẹ̀ èdè wa bá ọwọ́ méjèèjì mu lọ́nà tó wù mí púpọ̀. Ẹ̀gbá, ọwọ́ òsì nìkan ló ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀yọ́, ti ọ̀tún ni. Agbádá àti agbára jẹ́ ti òsì pátápátá, kìnnìún àti jókòó jẹ́ ti ọ̀tún. Ẹni tó bá tẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ láìsí àmì, ìka òrùka àti ọmọńdinrín ọ̀tún nìkan ló lò. Nítorí pé fáwẹ̀lì ló ń tẹ̀ lé kọ́ńsónáǹtì léraléra, home keys nìkan tó láti kọ ajá, àlá, àdá, àkàlà, ààfáà, Dàda. Gẹ̀ẹ́sì ní dad, lad àti salad níbẹ̀. Kí ló dé tí ọmọ Ìkìrun kò fi ajá àti àdá bẹ̀rẹ̀?

Mo tún rí èyí tó mú mi fò dìde lórí àga. Lẹ́tà márùn-ún ló wà lórí kíbọ́ọ̀dù tí Yorùbá kì í lò: C, Q, V, X, Z. Ohun márùn-ún náà ló sì ń wọ́n wa: ẹ, ọ, ṣ, àmì ohùn ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn òkè. Ohùn àárín kì í gba àmì. Márùn-ún sí márùn-ún, wọ́n bára dọ́gba!

Àbúrò mi ọkùnrin, tó gbọ́ ti kọ̀ǹpútà dáadáa, bá mi fi Microsoft Keyboard Layout Creator, tí a fi ń yí ohun tí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ń kọ padà, gbé ohun márùn-ún náà sórí lẹ́tà márùn-ún yẹn. Ọ̀fẹ́ ni. Q di ẹ, V di ọ, X di ṣ, Z ń gbé àmì ìsàlẹ̀, C ń gbé àmì òkè. Màá tẹ fáwẹ̀lì, màá tẹ àmì tẹ̀ lé e. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá dé, bọ́tìnì méjì ni mo ń tẹ̀ pọ̀ kí kíbọ́ọ̀dù tó padà sí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń ṣe YorubaName.com ti ṣe kíbọ́ọ̀dù tiwọn tí wọ́n fi tọrẹ fún gbogbo ayé, ó dára, mo sì máa ń júwe rẹ̀ fún ènìyàn. Tèmi wà fún ẹni tó ti kọ́ home keys tí kò fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti di títẹ̀ mẹ́wàá báyìí, tòun ti àmì rẹ̀, òsì àti ọ̀tún sì jọ ń pín in ṣe. Wàhálà tó ṣẹ́kù ni ti fọ́ńtì. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ní ààyè kan ṣoṣo fún ẹ àti fún ọ, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní ti ara wọn. Ńṣe ni wọ́n ń gbé àmì ohùn ka orí lẹ́tà, fọ́ńtì mìíràn á sì sọ àmì náà sí ẹ̀gbẹ́. Mo ti mọ àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn nìkan ni mò ń lò.

Ẹ wá wo ọmọńdinrín òsì ní ètò tuntun yìí: ẹ wà lókè rẹ̀, A wà nílé, àmì ìsàlẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Aqa, aza tí Mà fi dá mi lágara gan-an nìyẹn! Mo ń fi orúkọ rẹ̀ súre fún un lójoojúmọ́.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ wa, Yorùbá ni mo fi ń kọ́ wọn ní táìpù láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún gbólóhùn tó kó gbogbo lẹ́tà Yorùbá 25 pọ̀, bí ti Gẹ̀ẹ́sì tó ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ajá, mo jókòó kọ èyí: “Omi ti ń hó, Jùmọ̀kẹ́ gbé iṣu sílẹ̀, ó ní kí Dàpọ̀ pe bàbá wá gún iyán kí ẹ̀fọ́ rẹ̀ má baà tutù.” Ẹ kà á wò, gb pàápàá wà níbẹ̀, g sì dá dúró nínú gún. Mo ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní OTM ní gbogbo pólì ilẹ̀ wa pé kí ẹ gbà á, kí ẹ lò ó, kí ẹ ṣe èyí tó dára jù ú lọ. Ọmọ tó ń jáde lọ́dọ̀ yín, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ máa gbé wá. Ó yẹ kí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sọ iye tó lè tẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan ní èdè yìí náà, kí wọ́n sì ka àmì mọ́ títẹ̀, torí iṣẹ́ ni.

Àmì náírà ni àbúrò mi ń wá ààyè fún lórí ètò náà lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ètò náà lórí Mac, Ukelele ni kó fi ṣe é, ọ̀fẹ́ ni òun náà.