Ètò Tí Mo Fi Rúlà Fàlà Sí: Àyẹ̀wò Ọdún 2024 Nínú Ilé Wa

Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà níwájú mi báyìí, aláwọ̀ ewé, tí mo rà ní Ọjà Ọba ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ní ojú ìwé àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Ètò Ìgbàgbọ́ fún Àwọn Ọmọ, 2024." Mo fi rúlà fàlà sí i. Aago mẹ́fà àárọ̀, àdúrà. Aago mẹ́fà àbọ̀, ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ẹsẹ àkọ́sórí kan lọ́sẹ̀, 52 lọ́dún. Ìhìnrere Jòhánù láti orí kìíní títí dé orí 21, kí Àjíǹde tó dé.

Òní ni ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn ọdún. Mo ka àwọn ẹsẹ tí wọ́n há sórí lóòótọ́: 19. Jòhánù ńkọ́? Orí kẹrin la wà ní oṣù kẹta, a sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dá wa dúró.

Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ọmọ mẹ́rin la ní, Òṣogbo la ń gbé, ilé la sì ti ń kọ́ wọn níwèé. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé pa ní 2020 nítorí Kòrónà, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, mo wá kó àwọn tèmi jọ sí pálọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìwé padà, èmi àti bàbá wọn jókòó, a ṣírò owó ilé ìwé, a wo bí àwọn ọmọ ti ń kàwé sí i, a ò dá wọn padà mọ́. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì rò pé a rí ìran ni. Mi ò já wọn ní koro, àmọ́ owó ló kọ́kọ́ là wá lójú.

Àkọ́bí mi obìnrin ti di ọmọ ọdún 12. Táíwò àti Kẹ́hìndé jẹ́ 9. Ìdòwú jẹ́ 6, ẹ sì mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń pe Ìdòwú. Mo ti bẹ ìyá ọkọ mi títí pé kí wọ́n má pe ọmọ mi ní "èṣù lẹ́yìn ìbejì", pé onígbàgbọ́ ni wá. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún kì í bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n ti lọ Mẹ́kà dé, orúkọ yẹn ò dà wọ́n láàmú rí. Èmi ló ń dà láàmú. Ní oṣù kẹta, ó kù díẹ̀ kí èmi fúnra mi pè é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ti le nígbà náà. Kànga ẹ̀yìnkùlé wa lọ sílẹ̀ débi pé ẹrẹ̀ ló ń bá korobá gòkè. Bẹ́ẹ̀, ní gbogbo àárọ̀, àwọn aládùúgbò á ti tò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kí a tó jí. Mo ra àgádágodo, mo ti ọmọrí kànga pa, mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ẹni tó bá béèrè, mo ní omi ti gbẹ. Kò tíì gbẹ tán.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ètò mi gbé wa dé orí kẹrin Jòhánù. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ rántí ìtàn náà: oòrùn ọ̀sán mú, ó rẹ Jésù, ó jókòó sétí kànga, ó ní kí obìnrin ará Samáríà fún òun lómi mu. Mo kọ́ wọn dáadáa. Mo ya kànga sára pátákó. Mo ṣàlàyé ìdí tí àwọn Júù kì í fi í bá àwọn ará Samáríà da ohunkóhun pọ̀. Kẹ́hìndé bi mí bóyá kànga náà jìn tó tiwa, mo ní ó jìn jù ú lọ. Ọkàn mi ò lọ sí àgádágodo kankan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ń rẹjú lọ́wọ́, mo gbọ́ ohùn lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo fi máa jáde, Ìdòwú ti ṣí kànga. Ọmọ aládùúgbò mẹ́ta ń fa omi, òun sì dúró tì wọ́n bíi onílé, ó ń sọ ẹni tó kàn. Mo pariwo. Mo fà á létí. Kò sunkún. Ó kàn wò mí, ó ní: "Mọ́mì, wọ́n béèrè ni."

Tó bá jẹ́ ẹ̀rí ni mò ń jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibí ni mi ò bá ti sọ pé mo bú sẹ́kún. Rárá o. Inú ló bí mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọ ọdún mẹ́fà létí kànga tó ṣí sílẹ̀, tí kò sí àgbàlagbà kankan nítòsí! Bó bá já sínú rẹ̀ ńkọ́? Mo tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún bàbá wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, torí pé mo mọ̀ pé apá ibẹ̀ ni mo ti jàre.

Káfíńtà ni ọkọ mi, ìwọ̀n ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. Kò wàásù fún mi. Ó ní korobá mélòó ni kànga ń sun mọ́jú? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kà á. Ó kọ ọ́ sára páálí, ó gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà: kẹ́ẹ̀gì méjì fún ilé kan, láti aago mẹ́fà àbọ̀ sí aago méje. Àgádágodo ò kúrò níbẹ̀. Ìṣó ló yọ, ó tún un kàn sókè níbi tí ọwọ́ Ìdòwú ò ti ní í tó o.

Aago mẹ́fà àbọ̀, ẹ gbọ́ ọ. Ìgbà ẹ̀kọ́ Bíbélì mi ló fi fún omi. Èmi ni mo ń ṣí kànga, àwọn ìbejì ń fa okùn, àkọ́bí ń ka kẹ́ẹ̀gì, Ìdòwú ń kí ènìyàn. Bí ètò tí mo fi rúlà fàlà sí ṣe dópin nìyẹn, a sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Nínú pálọ̀, èmi ni mo máa ń bi wọ́n, wọ́n á sì fún mi ní èsì tí wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́. Nídìí kànga, Táíwò fẹ́ mọ ìdí tí ìyá kan tó ń bú wa lẹ́yìn fi ń gba kẹ́ẹ̀gì méjì bíi tàwọn yòókù. Mósè ti sọ ọ́ nínú Diutarónómì orí kẹfà pé kí a máa sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún àwọn ọmọ nígbà tí a bá jókòó, tí a bá ń rìn lọ́nà, tí a bá dùbúlẹ̀, tí a bá dìde. Ìdìde àti ìdùbúlẹ̀ nìkan ni mo ti ń rí níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí: àdúrà àárọ̀, àdúrà alẹ́.

Ti ìyá ọkọ mi ló gbà mí lọ́kàn jù lọ́dún yìí.

Àjíǹde bọ́ sí inú ààwẹ̀ Rámádánì. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ni, a kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, a lọ kí Màmá ní agbo ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wọ́n ti se ìrẹsì dè wá. Ààwẹ̀ wà lẹ́nu wọn, wọn ò tọ́ ọbẹ̀ wò, iyọ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀ kọjá àlà. Wọ́n jókòó tì wá bí a ti ń jẹ, wọ́n ń bu kún un fún Táíwò. Kò sí ọmọ tó ráhùn. Lọ́nà ilé, àkọ́bí mi bi mí pé: "Mọ́mì, kí ló dé tí Màmá fi ń pè wá ní onígbàgbọ́?"

Mo ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pe ọmọ lẹ́yìn Krístì nílẹ̀ yìí nìyẹn.

Ó ní: "Màmá wá ńkọ́? Ṣé wọn ò gbàgbọ́ ni?"

Mo ní kó rìn kíá, oòrùn ń mú.

Kò gbàgbé. Iléyá tún bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà. A tún ti ṣọ́ọ̀ṣì gba ọ̀dọ̀ wọn lọ, a wọ aṣọ ìsìn dé ibi àgbò. Màmá ní kí ọmọbìnrin yìí gbàdúrà sí oúnjẹ, "bí ẹ ṣe máa ń ṣe é lọ́dọ̀ tiyín." Ó gbà á, ó fi orúkọ Jésù parí rẹ̀ láìdín ohùn kù. "Àmín" ti Màmá ló ròkè jù nínú ilé náà. Mo rí i pé ọkọ mi wolẹ̀.

Lálẹ́, ọmọbìnrin náà wá bá mi nílé ìdáná. "Ṣé Màmá máa dé ọ̀run?"

Mo fún un ní èsì tí mo mọ̀, èyí tí wọ́n kọ́ èmi náà láti kékeré, pé Jésù ni ọ̀nà. Mo gbà á gbọ́. Ó ní: "Ọ̀nà ni mo gbọ́ yẹn. Màmá ni mo béèrè." Mo fẹ́ fi ọgbọ́n yí i padà, àmọ́ ohùn mi já. Mo sọ fún un pé láti ọdún tí mo ti wọ ilé bàbá rẹ̀ ni mo ti ń gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Pé Màmá náà ń jí ṣáájú Àsùbáà láti bẹ Ọlọ́run kí ọmọ wọn padà sí mọ́ṣáláṣí. Pé ìdájọ́ kò sí lọ́wọ́ mi, inú mi sì dùn pé kò sí níbẹ̀. Omijé ti ń bọ́ sínú àwo tí mò ń fọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa rí i pé ènìyàn lè gba nǹkan gbọ́ tọkàntọkàn, kó sì tún máa dùn ún. Ó mú aṣọ ìnuwọ́, ó ń nu àwo lọ, kò sọ nǹkan kan mọ́. Mi ò rò pé èsì mi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mi ò tíì rí òmíràn.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú kan wà tí mo ní láti kọ sílẹ̀. Ẹ ti gbọ́ àwàdà ọmọ tí wọ́n ní kó lọ sọ pé màmá òun kò sí nílé, tó wá lọ sọ pé "Mọ́mì ní kí n sọ pé àwọn ò sí nílé." Ì bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni Táíwò ṣe! Ní oṣù kẹsàn-án, mo rán an sí Ìyá Alájọ nítorí owó àjọ ọ̀sẹ̀ méjì tí mo jẹ. Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní mo ti lọ sí Ìlobùú, ó wojú wọn tààrà, ó tún fi kún un pé mo ní kí òun bá mi kí wọn. Èyí tó fi kún un yẹn, mi ò kọ́ ọ. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ẹ̀rù bà mí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dọ́gbọ́n sí i kí n tó mú un lọ́wọ́, tí a jọ lọ bẹ̀ wọ́n. Ìyá Alájọ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ ikọ́ yín lọ́jọ́ yẹn." Wọ́n gba owó wọn. Táíwò ń wò mí bí mo ti kúnlẹ̀, ó ń wò mí bíi ẹni tí kò rí mi rí.

Ní oṣù kẹjọ, ìlù ọdún Ọ̀ṣun ń dún, Ìdòwú sì fẹ́ mọ ẹni tí Ọ̀ṣun í ṣe. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń ti fèrèsé ni, kí n sì tan orin ẹ̀mí sókè. Lọ́tẹ̀ yìí, lẹ́yìn tí àlejò ti tú ká, mo kó wọn lọ sétí odò. Mo sọ ohun tí àwọn tó ń bọ ọ́ gbà gbọ́, láìfi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì sọ ohun tí àwa gbà gbọ́: Ẹlẹ́dàá là ń sìn, a kì í sin odò. Àmọ́ àwọ̀ omi náà ló gba ọkàn wọn. Ó pọ́n bíi ẹrẹ̀, torí ìwakùsà góòlù tó wà lókè odò. Kẹ́hìndé ní bó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ló dá odò, ta ló wá gbà wọ́n láyè láti bà á jẹ́? Ìbéèrè yẹn kì í ṣe tèmi láti dáhùn.

Kẹ́hìndé yìí kan náà ló dìde ní Sunday school, tó kéde pé Òṣogbo ni wọ́n ti bí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tó ṣáájú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Òṣogùn ni o. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un, mi ò sì ní ìgboyà láti tọ́ ọ sọ́nà níṣojú gbogbo ènìyàn. A túnṣe nílé.

Ní oṣù kẹwàá, nígbà tí iná ìjọba ń wó lulẹ̀ léraléra káàkiri orílẹ̀-èdè, a máa ń kọrin nínú òkùnkùn. Ó dùn, kò sí ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀, mo sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ti ìwé kíkà: ìṣirò àwọn ìbejì ti gòkè, èdè Gẹ̀ẹ́sì Táíwò ṣì ń ṣe ségesège, Ìdòwú ti ń kàwé. Àkọ́bí fẹ́ lọ sílé ìwé girama ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀. Ó ní òun fẹ́ ní ọ̀rẹ́ tí kì í ṣe àbúrò òun. Bàbá rẹ̀ ti gbà. Èmi ṣì ń rò ó, ṣùgbọ́n mo ti béèrè iye aṣọ ilé ìwé.

Lọ́la, a ó lọ sí àìsùn ọdún tuntun. Màmá ní àwọn ń bọ̀ wá jẹun lọ́jọ́ kìíní, kí n má fi iyọ̀ pọ̀ sí ọbẹ̀ mi. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ti ìwé tuntun ṣì ṣófo, mi ò sì tíì wá rúlà.

Ọyẹ́ ti dé, omi kànga sì ti ń lọ sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lórí ìṣó tí bàbá wọn gbé sókè. Láàárọ̀ yìí, mo bá àpótí kan lábẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́, àpótí kékeré tí Ìdòwú máa ń jókòó lé.